Géèmù Wo Wá Ni A Rà?

Ní ìsinmi ọdún Kérésìmesì tó kọjá, bàbá mi ra géèmù kan fún èmi àti àbúrò mi ọkùnrin. Ó ti ṣèlérí tẹ́lẹ̀ pé bí àbúrò mi bá wà lára àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ ní kíláàsì rẹ̀, òun yóò rà á. Ọmọ náà ṣe ipò kejì, bàbá mi sì mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. A já ọ̀rá ara páálí, a ki dísìkì bọ inú ẹ̀rọ, a di pádì mú. Ohun tí a rí lójú tẹlifíṣọ̀n ni pé kí a tó lè gbá géèmù náà, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa ohun tó lé ní 80 GB sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Àbúrò mi sáré lọ bá màmá wa. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní dátà lórí fóònù yín." Aṣọ ni màmá mi ń tà, orí fóònù náà ló sì ti ń fi àwòrán aṣọ ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀ títí, ó ní, "Ṣebí bàbá yín ti sanwó. Kí ló wá wà nínú dísìkì yẹn? Géèmù wo wá ni a rà?"

Ìbéèrè màmá mi ni mo fẹ́ dáhùn nínú àròkọ yìí. Ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ mi gbà pé bí ààyè inú dísìkì bá ṣe ń tóbi sí i ni géèmù ń dára sí i. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo gbà ni pé ààyè ńlá wúlò nígbà tí odindi géèmù bá wà nínú rẹ̀, tí ẹni tó ṣe géèmù náà kò sì fi ààyè ṣòfò. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, títóbi rẹ̀ kò ṣe ẹni tó rà á láǹfààní kankan.

N kò ní ṣe bí ẹni pé àwọn tí a jọ ń jiyàn kò ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Wọ́n ní in. Ní ọdún 1996, ilé iṣẹ́ Nintendo gbé ẹ̀rọ Nintendo 64 jáde. Oníke kékeré tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa ń pè ní káséètì ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́, èyí tó sì tóbi jù nínú wọn kò gbà ju 64 MB lọ. PlayStation ti Sony ń lo CD ní tirẹ̀, CD kan sì ń gba nǹkan bí 650 MB. Àwọn tó ń ṣe Final Fantasy, tó jẹ́ pé orí ẹ̀rọ Nintendo ni wọ́n ti ń ṣe é bọ̀ láti ọjọ́ yìí, wò ó pé káséètì kò lè gba ohun tí àwọn ní lọ́kàn. Wọ́n kó ẹrù wọn, ó di ọ̀dọ̀ Sony. Nígbà tí Final Fantasy VII jáde ní ọdún 1997, CD mẹ́ta ló gbà. Ìtàn ńlá ni, ó ní orin, ó ní fídíò, àwọn ènìyàn sì rà á káàkiri àgbáyé. Ta ni yóò sọ pé ààyè kò ṣe géèmù yẹn láǹfààní? Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Eku ńlá kò lè gbé inú ìtẹ́ eku kékeré.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yí òwe náà síwá-sẹ́yìn. Ṣé ìtẹ́ ńlá lè sọ eku kékeré di ńlá? Rárá. Ẹ wo Resident Evil 2, géèmù abanilẹ́rù tí kì í ṣe ti ọmọdé. CD méjì ni wọ́n fi gbé e jáde fún PlayStation ní ọdún 1998. Ní ọdún 1999, wọ́n gbé géèmù yìí kan náà jáde nínú káséètì 64 MB fún Nintendo 64, tòun ti fídíò inú rẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Wọ́n fún fídíò pọ̀, wọ́n fún ohùn pọ̀, wọ́n sì ṣírò gbogbo ohun tó wọlé bí ẹni ń di ẹrù sínú àpótí kan ṣoṣo. Òótọ́ ni pé fídíò rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ tó ti CD, ṣùgbọ́n odindi géèmù náà wà níbẹ̀. Àìsí ààyè ló kọ́ wọn lọ́gbọ́n.

Nísinsìnyí tí ààyè pọ̀ ńkọ́? DVD kan gba 4.7 GB. Blu-ray, tí PlayStation 3 mú dé ní ọdún 2006, gba 25 GB, tàbí 50 GB bí ó bá ní ìpele méjì. Ti PlayStation 5 lè gba 100 GB. Ǹjẹ́ ohun tó wúlò ni wọ́n ń rọ́ sínú gbogbo ààyè yìí? Ní ọdún 2020, Mark Cerny, ẹni tó ṣe aṣáájú nínú yíya àwòrán PlayStation 5, ṣàlàyé fún gbogbo ayé pé nínú géèmù bíi Marvel's Spider-Man, àwọn nǹkan kan wà tí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní ìgbà 400 sórí háádì dísìkì inú ẹ̀rọ. Ìdí wà fún un. Dísìkì tó ń yí máa ń pẹ́ kó tó rí nǹkan tó wà níbi tó jìnnà, nítorí náà wọ́n ń fi ẹ̀dà kan sí ẹ̀gbẹ́ ibi gbogbo tí wọ́n ti máa nílò rẹ̀.

N kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ohun tí mo ń bá wọn jà lé lórí ni pé ìṣe náà di bárakú. Géèmù Helldivers 2 gba nǹkan bí 154 GB lórí kọ̀ǹpútà. Ní ìparí ọdún 2025, àwọn tó ṣe é yọ ẹ̀dà tó pọ̀jù kúrò, ó sì di nǹkan bí 23 GB. Géèmù yẹn kan náà ni o! Àwọn fúnra wọn sọ pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni ìyàtọ̀ tó bá bí ó ṣe ń yá ṣí. Ó ju 130 GB lọ tí àwọn ènìyàn ti fi dátà wọn fà sílẹ̀ lásán. Ní ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti pọ̀ bí omi, wọn kò lè kà á sí. Níbí, owó oúnjẹ ni.

Èyí tó wá burú jù ni dísìkì tí kò ní nǹkan nínú. Nígbà tí Call of Duty: Modern Warfare II jáde ní ọdún 2022, ohun tó wà nínú dísìkì rẹ̀ fún PlayStation 5 kò ju nǹkan bí 70 MB lọ. Díẹ̀ ló fi ju káséètì ọdún 1999 lọ. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ìyókù wà. Igbá ńlá ni wọ́n gbé fún ẹni tí ebi ń pa, omi ọbẹ̀ ṣíbí kan ló wà nínú rẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé dísìkì ti di ohun àtijọ́, pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ayé ń lọ. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mo lè yá ọ̀rẹ́ mi ní dísìkì. Bí géèmù bá sú mi, mo lè tà á tàbí kí n fi ṣe pàṣípààrọ̀. Bí dátà bá tán, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, géèmù tó pé nínú dísìkì yóò ṣì ṣí nígbàkígbà tí iná bá dé. Àwa gan-an ni dísìkì ńlá wúlò fún jù, bí wọ́n bá lè kó géèmù sí i.

Àwọn òbí kan yóò sì sọ pé òfò ni géèmù fúnra rẹ̀. Ìyẹn tó àròkọ mìíràn. Ṣùgbọ́n owó yín ni wọ́n ń gbà, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tí ẹ rà.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó sanwó, ẹ yí páálí náà padà, kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin olùkọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ kọ́ wa bí a ṣe ń gé ohun tí kò wúlò kúrò, nítorí pé lára wa ni àwọn tó máa ṣe géèmù lọ́la yóò ti jáde. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ má ṣe máa fi iye GB géèmù yangàn mọ́. Ẹ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni èmi àti àbúrò mi fi fa géèmù yẹn sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ní òru tí dátà dínwó. Nígbà tó fi parí, ilé ẹ̀kọ́ ti wọlé.