Ewé Tíì Kì í Dúró De Oníbàárà

Ní ọ̀pọ̀ ilé nílẹ̀ Yorùbá, bí ọmọdé bá ní òun fẹ́ mu tíì, Bournvita tàbí Milo ni ìyá rẹ̀ yóò pò fún un. Kòkó ni ìyẹn, kì í ṣe tíì. Tíì gan-an, ewé igi kan ni, inú àpò bébà kékeré olókùn ni ọ̀pọ̀ wa sì ti mọ̀ ọ́n. Ibi tí ewé náà ti hù kì í sábà jẹ wá lógún. Ó sì yẹ kí ó jẹ wá lógún, nítorí pé Nàìjíríà náà ń gbin tíì lórí òkè Mambila, àmọ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ó yọrí ni a ṣe ń gbìn ín.

Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ó ń mú tíì yọrí, Kẹ́ńyà ni kí a wò. Ọdún 1903 ni àwọn òyìnbó gbin igi tíì àkọ́kọ́ níbẹ̀, ní Limuru nítòsí Nàìróbì. Kò di òwò gidi títí di nǹkan bí ọdún 1925, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Brooke Bond àti James Finlay ṣí oko ńláńlá ní agbègbè Kericho. Ilẹ̀ náà kì í ṣe ilẹ̀ aláìní. Àwọn Kipsigis àti àwọn Talai ló ni ín. Òfin ilẹ̀ tí ìjọba amúnisìn ṣe ní 1915 gba àwọn òyìnbó láyè láti yá ilẹ̀ fún ọdún 999. Ẹ ò rí i pé ìyẹn kì í ṣe yíyá mọ́! Ní àwọn ọdún 1930, wọ́n kó àwọn Talai kúrò nílé wọn lọ sí Gwassi, ibi tí ẹ̀fọn àti àìsàn ti pọ̀.

Wọn kò gba àwọn ọmọ Kẹ́ńyà láyè láti gbin tíì tiwọn. Kí wọ́n wá máa já ewé gba owó iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́. Àwáwí wọn ni pé àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú yóò ba ojúlówó tíì jẹ́. Èmi gbà pé ẹ̀rù mìíràn ló ń bà wọ́n: ẹni tí ó bá ní tíì tirẹ̀ kò ní jí ní ìdájí láti lọ já ti ẹlòmíràn.

Ogun Mau Mau ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ní 1954, nígbà tí iná ogun náà ń jó lọ́wọ́, ìjọba gbé ètò Swynnerton jáde, ó sì ṣílẹ̀kùn fún àgbẹ̀ kéékèèké. Ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí a kọ́ nítorí tiwọn bẹ̀rẹ̀ ní Ragati ní 1957. Ní 1964, lẹ́yìn òmìnira, a dá àjọ KTDA sílẹ̀ láti máa bójú tó wọn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Àgbẹ̀ kòkó ní Oǹdó tàbí Iléṣà lè fọ́ kòkó rẹ̀, kí ó fi ewé bò ó, kí ó sá a, kí ó dì í sápò, kí ó sì jókòó tì í títí owó ọjà yóò fi sàn. Kòkó ń dúró. Ewé tíì kì í dúró. Ewé méjì àti ọ̀mùnú kan ṣoṣo lórí ẹ̀ka ni a ń já; láti ìgbà tí ọwọ́ bá ti já a ni ó ti ń yí padà, bí wákàtí mélòó kan bá sì kọjá tí kò dé ilé-iṣẹ́, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti ń jẹ́ kí ó rọ, tí wọ́n ń gé e wẹ́wẹ́, tí atẹ́gùn ń sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú, tí iná fi ń gbẹ ẹ́. Kílò 4 sí 5 ewé tútù ni yóò di kílò 1 tíì gbígbẹ. Nítorí náà, àgbẹ̀ tí ó ní oko tíì láìní ilé-iṣẹ́ nítòsí, igbó ló ní.

Ohun tí KTDA mọ̀ nìyí. Wọ́n ṣe ibi ìwọn ewé sí àwọn abúlé, ọkọ̀ akẹ́rù ń kó o lọ lọ́jọ́ náà, nígbà tí ó sì yá, àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ tí ń gba ewé wọn. Lónìí, àgbẹ̀ kéékèèké tí ó ju 600,000 lọ ló wà lábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ wọn sì ni èyí tí ó ju ìdajì tíì Kẹ́ńyà lọ ti ń jáde. N kò sọ pé ọ̀run rere ni. Wọ́n máa ń bínú lórí àjẹmọ́nú ìparí ọdún tí kò tó nǹkan, wọ́n sì ń fẹ̀sùn kan àwọn alákòóso. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ìpín ló lẹ́nu láti béèrè ìṣirò owó.

Ọdún 1964 kan náà ni a dá ilé ìwádìí kòkó, CRIN, sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà, a fi tíì kún iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ní ẹ̀ka ní Kusuku lórí òkè Mambila, ní ìpínlẹ̀ Taraba. Òkè náà ga tó mítà 1,500 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tutù, òjò sì ń rọ̀ níbẹ̀ dáadáa. Ilé-iṣẹ́ tíì wà ní Kakara. Ìmọ̀ wà, ilẹ̀ wà. Síbẹ̀, nígbàkígbà tí ìjọba wa bá ní òun fẹ́ ran àgbẹ̀ lọ́wọ́, irúgbìn ni ó máa ń kọ́kọ́ pín, níwájú àwọn ayàwòrán. Ìyẹn lè dára fún kòkó àti kaṣú. Ní ti tíì, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ yẹn.

Kí ìjọba àpapọ̀ àti ti Taraba kọ́ ilé-iṣẹ́ kéékèèké sí àárín àwọn abúlé tí ó ń gbin tíì, kí àwọn àgbẹ̀ ní ìpín níbẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní, kí wọ́n sì ṣe ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà lásìkò òjò, nítorí pé ìgbà òjò gan-an ni ewé máa ń rú jù. Irúgbìn lè tẹ̀lé e.