Orí Ta Ni Ó Yẹ Lára Owó?

Àwọn kan a máa sọ pé láti ìgbà tí owó ti dáyé ni orí alákòóso ti ń wà lára rẹ̀. Irọ́ ni. Owó fàdákà àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ já irọ́ náà.

Ní ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Kristi, orí Athena, òrìṣà tí ó ni ìlú, tòun ti àṣíborí rẹ̀, ni àwọn ará Áténì tẹ̀ sí iwájú owó drachma mẹ́rin wọn. Òwìwí, ẹ̀ka igi ólífì àti lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ orúkọ ìlú ni wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀yìn. Kọ́ríńtì ní tirẹ̀ tẹ ẹṣin abìyẹ́. Perikles lókìkí ní Áténì, síbẹ̀ ojú rẹ̀ kò sí lára owó. Ìlú ló ni owó. Ẹnì kan kì í jẹ́ “àwá dé”.

Alexander ọba Makedóníà pàápàá, orúkọ ara rẹ̀ ni ó kọ. Orí Herakles àti Zeus lórí ìtẹ́ ni ó tẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní ọdún 323 ṣáájú ìbí Kristi ni àwọn arọ́pò rẹ̀ gbé orí rẹ̀ sí owó. Ptolemy, ọba Íjíbítì, sì gbé orí ara rẹ̀ sí i lójú ayé rẹ̀.

Kí ẹni tí ń yin ẹwà òwìwí má sì gbàgbé ihò ìwakùsà Laurion, níbi tí àwọn ẹrú ti wa fàdákà náà. Ojú tiwọn kò sí lára owó kankan. Ẹni tí yóò bá fi àṣà ṣe ẹ̀rí, kí ó kọ́kọ́ wádìí àṣà náà délẹ̀.