Ìwé tí Ọmọ Gbé Wálé Lákòókò Ọyẹ́

 

Bí mo ti jókòó tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, eruku ọyẹ́ ti bo gbogbo GRA wa níhìn-ín ní Ìlọrin. Ewé igi máńgòrò tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà ti di aláwọ̀ eérú, Òkè Sóbì tí a máa ń rí láti òkèèrè sì ti pòórá sínú kùrukùru. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ń jáde nílé ní kùtùkùtù, tí wọ́n ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ètè tí ó ti là àti ẹsẹ̀ tí ó funfun bí ẹni tí ó tẹ èlùbọ́ mọ́lẹ̀.

Irú àkókò yìí ni ọmọ máa ń gbé ìwé kan wálé. Ẹ ó bá a nínú àpò rẹ̀, láàárín ìwé ìṣirò àti abọ́ oúnjẹ, tí a ká a sí mẹ́rin. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni ó kọ ọ́: ọjọ́ báyìí ni eré ìdárayá, ọjọ́ báyìí ni ìpàdé òbí àti olùkọ́, iye báyìí ni owó aṣọ eré. Ní ìsàlẹ̀ ìwé náà ni àyè wà tí òbí yóò ti dáhùn ìbéèrè bíi mélòó kan, tí yóò sì fọwọ́ sí i. Kí ni púpọ̀ nínú wa ń ṣe? A ó wo iye owó tí wọ́n bèèrè, a ó mí kanlẹ̀, a ó fọwọ́ sí i, a ó sì dá a padà sínú àpò. Ọ̀rọ̀ ìwé yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí.

ÀKÓKÒ TÍ ÌYÁ MÁA Ń DẸWỌ́

Nígbà tí ọmọ wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwa fúnra wa ni à ń fà á lọ́wọ́ lọ. A mọ orúkọ tíṣà rẹ̀, tíṣà náà sì mọ̀ wá ní ìyá lágbájá. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti wọ sẹ́kọ́ńdírì, a máa ń rò pé ó ti dàgbà. Láti ọdún 1982 tí ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 ni a ti ya ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní sẹ́kọ́ńdírì sọ́tọ̀, láti JSS 1 dé JSS 3. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ó wà níbẹ̀ kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlá sí mẹ́rìnlá lọ. Wọn kì í ṣe ọmọdé mọ́, wọn kò sì tí ì di àgbà. Ohùn ọkùnrin ń yí padà, obìnrin ń bẹ̀rẹ̀ sí rí nǹkan oṣù rẹ̀, ojú sì ń ti àwọn méjèèjì láti sọ ohun tí ń ṣe wọ́n. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó ń wọlé tọ̀ wọ́n lóòjọ́, kò sì rọrùn kí ọ̀kan nínú wọn ó mọ ọmọ náà bí tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ọmọ nílò ojú púpọ̀ jù lọ, ìgbà náà gan-an ni a ń ṣẹ́ ojú tiwa kúrò lára rẹ̀.

Sáà kejì, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún, ni ìgbòkègbodò pọ̀ nínú rẹ̀ jù. Ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń ṣe eré ìdárayá láàárín ilé kan sí èkejì: ilé pupa, ilé búlúù, ilé aláwọ̀ ewé àti ilé aláwọ̀ òféèfèé. Àwọn ọmọ a máa fi àárọ̀ àti ọ̀sán kọ́ bí a ti ń yan, bí a ti ń sáré àfiléra-ẹni-lọ́wọ́ àti bí a ti ń fa okùn. Ìgbà náà ni àwọn ìdánwò kéékèèké ń lọ tí máàkì wọn yóò wọ inú èsì ìparí ọdún. Àwọn JSS 3 sì ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò tí yóò mú wọn bọ́ sí ìpele tí ó kàn. Ayọ̀ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n inú ọyẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe é.

OHUN TÍ ỌYẸ́ Ń ṢE

Ọyẹ́ kì í ṣe òtútù lásán. Afẹ́fẹ́ tí ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà fẹ́ wá ni. Púpọ̀ nínú eruku rẹ̀ ni ó ń ti agbègbè Bodélé wá ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí adágún odò ńlá kan ti gbẹ láti ayébáyé. Òwúrọ̀ a tutù, ọ̀sán a sì gbóná ju ìwọ̀n 30 lọ. Afẹ́fẹ́ náà gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń fa omi kúrò lára ọmọ láìjẹ́ pé ọmọ náà là á. Nítorí pé òtútù ń mú un, òùngbẹ kì í gbẹ ẹ́, kò sì ní mu omi.

Ara ọmọ tí ó le lè gba èyí mọ́ra. Ọmọ tí ó ní ásímà, eruku náà a máa há èémí mọ́ ọn láyà. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, èyí tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, òtútù, àìmu omi àti àṣejù eré a máa mú kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ó dì sínú iṣan, ìrora tí ó sì ń tẹ̀lé e kò ṣeé fẹnu sọ.

Bákan náà, àkókò ẹ̀rùn yìí ni àrùn lọ́rùnlọ́rùn, tí àwọn mìíràn ń pè ní yírùnyírùn, máa ń jà ní apá àríwá wa. Ní ọdún 1996 ó pa ènìyàn tí ó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lọ ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2024 ni orílẹ̀-èdè wa di àkọ́kọ́ ní gbogbo àgbáyé tí ó bẹ̀rẹ̀ sí fún ará ìlú ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tuntun tí ń dènà ẹ̀yà márùn-ún kòkòrò àrùn náà. Bí ọmọ bá ní ibà, orí fífọ́, èébì àti ọrùn tí ó le gbagidi, ẹ má ṣe dúró wo ilẹ̀ mọ́; ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ.

ÀṢÌṢE TÈMI

Ẹ má ṣe rò pé mo fẹ́ dá yín lẹ́bi. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní ìtọ́jú ilé àti ọmọ, mo ti ṣe àṣìṣe tí n kò lè gbàgbé.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé lọ́dọ̀ mi. JSS 2 ni ó wà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ SS. Ní ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi fà á lé mi lọ́wọ́, ó bẹ̀ mí pé: “Àbúrò mi, má ṣe jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́. Wọn yóò máa pè é ní àbíkú. Bí ó bá tó àkókò àtilọ sílé ọkọ, ẹnìkan yóò rántí.” Mo gbà fún un, nítorí ẹ̀gbọ́n ni.

Ní oṣù kejì ọdún náà, ìwé dé. Wọ́n bi wá léèrè pé: ǹjẹ́ àìsàn kan wà tí ó yẹ kí a mọ̀ nípa ọmọ yìí? Mo mú bírò, mo sì kọ “Kò sí.” Ọmọ náà fẹ́ràn eré sísá. Wọ́n mú un mọ́ àwọn tí yóò sáré fún ilé aláwọ̀ òféèfèé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú gan-an, ó jáde nílé láìmu omi, ó sì sáré títí oòrùn fi yọ.

Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè mí, mo bá ọmọ náà lórí ẹní, ó di orúnkún rẹ̀ mú, ó ń sunkún láìsí ohùn. Aṣọ rẹ̀ tutù rinrin. Àwọn olùkọ́ rò pé àárẹ̀ eré ni, wọ́n sì ń da omi tútù lé e lára kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n òtútù náà ń dá kún ìrora rẹ̀. Nígbà tí mo sọ ohun tí ń ṣe é, olùkọ́bìnrin kan wojú mi, ó ní: “Màdáámù, ẹ̀ bá ti sọ fún wa.” N kò rí èsì fọ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni a lò ní ilé ìwòsàn. A dúpẹ́ pé ọmọ náà yè. Nígbà tí ó padà sí ilé-ẹ̀kọ́, mo bá olùkọ́ kíláàsì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú eré sísá, wọ́n sì fi í sídìí kíkọ máàkì àwọn tí ń sáré. Ó sunkún ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọmọ kan tilẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́, kí olùkọ́ ó tó bá a wí. Ẹ̀gbọ́n mi náà bínú sí mi fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí òtútù bá mú, ẹnìkan wà ní ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò sọ fún un pé: “Lọ wọ súwẹ́tà rẹ. Mu omi.”

OHUN TÍ ILÉ-Ẹ̀KỌ́ YẸ KÍ Ó GBỌ́

Ojú méjì ni ó ń bí ọmọ, igba ojú ni ó ń tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n igba ojú náà kò lè rí ohun tí a fi aṣọ bò. Ilé-ẹ̀kọ́ ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí wa. Ó yẹ kí àwa náà máa fi ìròyìn ilé ránṣẹ́ sí wọn. Àwọn ohun tí ó yẹ kí wọ́n gbọ́ nìyí:

1. Àìsàn tí ó wà lára ọmọ: SS, ásímà, wárápá, tàbí oúnjẹ àti oògùn tí ara rẹ̀ kì í gbà. Kí wọ́n mọ oògùn tí ó ń lò àti ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ ṣe bí ó bá dé sí i.

2. Àyípadà nínú ilé: bí a bá bímọ tuntun, bí bàbá bá rìnrìn àjò lọ síbi iṣẹ́, bí a bá ṣòfò, bí ọmọ bá ti kúrò lọ́dọ̀ ìyá sí ọ̀dọ̀ mọ̀lẹ́bí. Ọmọ tí ìyá àgbà rẹ̀ kú ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá lè máa wo ojú fèrèsé nínú kíláàsì. Olùkọ́ tí kò mọ̀ yóò pè é ní ọ̀lẹ.

3. Ilé tuntun àti nọ́ńbà tẹlifóònù tuntun, àti orúkọ ẹni tí ó lè wá mú ọmọ bí a kò bá sí nílé.

Ẹlòmíràn yóò ní òun kò fẹ́ kí ayé ó gbọ́. Òótọ́ ni, kì í ṣe gbogbo ayé ni a ní kí ẹ sọ fún. Olùkọ́ kan ṣoṣo tàbí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ fi àpòòwé pa á dé, ẹ má sì fi rán ọmọ. Ẹ sì rántí pé nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS. Bí AS méjì bá fẹ́ ara wọn, ọmọ SS lè ti ibẹ̀ wá. Kì í ṣe ẹ̀gún, kì í sì í ṣe àbíkú. Ohun tí a bí mọ́ ọmọ kò yẹ kí ó di ìtìjú fún un.

Ìwé náà kò nílò kí ó gùn. Báyìí ni ẹ lè kọ ọ́:

“Olùkọ́ wa ọ̀wọ́n, mo kí yín kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ wa tí ó wà ní kíláàsì yín jẹ́ SS. Òtútù kì í bá a lára mu, ó sì yẹ kí ó máa mu omi lóòrèkóòrè. Mo bẹ̀ yín, ẹ máa gbà á láyè láti jáde lọ tọ̀. Dókítà ní kí ó má ṣe sáré ìdíje, ṣùgbọ́n ó lè ṣe iṣẹ́ mìíràn lórí pápá. Bí ara bá ń ro ó, ẹ fi aṣọ tí ó móoru bò ó, ẹ fún un ní omi mu, kí ẹ sì pè mí lójú ẹsẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wà láàárín wa. Ẹ ṣeun púpọ̀.”

KÍ ỌMỌ TÓ JÁDE LÁÀÁRỌ̀

Ẹ fi òrí pa á lára, pàápàá ètè, ìgìgírísẹ̀ àti ìka ọwọ́. Òrí àdánidá tí àwọn obìnrin ń ṣe ní agbègbè Kwara wa níhìn-ín dára púpọ̀, kò sì wọ́n. Ẹ fún un ní ògì gbígbóná pẹ̀lú àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín. Kí ó má ṣe jáde pẹ̀lú inú òfo. Ẹ fi ike omi kan sí àpò rẹ̀, kí ẹ sì wò ó bí ó bá dé bóyá ó mu ún tán. Súwẹ́tà tí ó ṣeé bọ́ ni kí ẹ wọ̀ fún un, nítorí ooru ọ̀sán. Ọsàn àti agbálùmọ̀ pọ̀ lọ́jà ní àkókò yìí. Ẹ jẹ́ kí ó máa jẹ wọ́n.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ohun tí ọmọ kò lè sọ fún olùkọ́ rẹ̀, ìyá ni yóò bá a sọ. Bí ìwé náà bá dé ọwọ́ yín lóṣù yìí, ẹ jókòó, ẹ kà á tán. Ibi tí wọ́n bá sì ti béèrè bóyá nǹkan kan wà tí ó yẹ kí wọ́n mọ̀, ẹ má ṣe kọ “Kò sí” bí ó bá wà.

Ó di oṣù tí ń bọ̀. Ire o.