Ife-ẹ̀yẹ kò kọ́ ọmọ ní bọ́ọ̀lù: ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Lọ́dún 2023, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù àgbáyé àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò ju 17 lọ ní Indonesia, Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Lọ́dún 2025, wọ́n tún gbá a ní Qatar, a ò tún sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ife yìí gan-an la ti gbà lẹ́ẹ̀marùn-ún: 1985, 1993, 2007, 2013 àti 2015. Kò sí orílẹ̀-èdè kan láyé yìí tó gbà á tó wa. Ẹni tó ń jókòó sípò ọlá níbi àsè wá di ẹni tó ń yọjú wòran lójú fèrèsé.

Bí irú ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀, NFF la máa ń bú. A máa bú kóòṣì, a máa bú mínísítà, kálukú á sì gba ilé ẹ̀ lọ. Mi ò ní kẹ́ ẹ má bú wọn o, ẹ̀bi wọn pọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 16 tí bọ́ọ̀lù ń ta lẹ́sẹ̀ ẹ̀ bí ẹni tó gbá a mọ́ ògiri, kì í ṣe Àbújá ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Àdúgbò ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 7 tàbí 8. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká fi Àbújá sílẹ̀ lónìí, ká wo ilé tiwa, Ọ̀yọ́ Aláàfin àti Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò gùn. Ife-ẹ̀yẹ la fi ń díwọ̀n àwọn ọmọdé wa, bẹ́ẹ̀ ohun tó yẹ ká máa béèrè ni pé: kí ni ọmọ yìí mọ̀ ọ́n ṣe lónìí tí kò mọ̀ ọ́n ṣe ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn?

Bọ́ọ̀lù kan, ogún ọmọ

Ẹ lọ sí pápá ilé-ẹ̀kọ́ tó bá wù yín nílùú méjèèjì yìí láàárọ̀ Sátidé. Ẹ máa rí àwọn ọmọ tó wọ jẹ́sì Chelsea, Arsenal àti Barcelona, ẹ máa rí kóòṣì tó gbé fèrè kọ́rùn. Orúkọ akádẹ́mì á máa dún bí agogo. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ka iye bọ́ọ̀lù tó wà nílẹ̀. Ẹyọ kan ni mo sábà máa ń rí. Bó bá pọ̀ jù, méjì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní ọmọ 20 ló wá, tí wọ́n fi wákàtí kan gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá tiẹ̀ pín in dọ́gba-dọ́gba, ìṣẹ́jú 3 péré ló kan ọmọ kọ̀ọ̀kan. Wọn ò sì ní pín in dọ́gba, nítorí ọmọ tó lágbára á gba tiẹ̀, á tún gba ti ẹlòmíì mọ́ ọn. Àmọ́ bí bọ́ọ̀lù bá jẹ́ 5, tí wọ́n pín àwọn ọmọ ní mẹ́rin-mẹ́rin, ìṣẹ́jú 3 ti di 15 nìyẹn. Kóòṣì kan náà, pápá kan náà, bọ́ọ̀lù mẹ́rin péré ló fi yàtọ̀.

Níbi tí wọ́n bá ti wá ń gbá ìdíje, ẹ fetí sí ohun tí kóòṣì ń pariwo. “Gbá a jáde! Gbá a síwájú!” Ọmọ ọdún 10 tó bá fẹ́ dá bọ́ọ̀lù dúró, kó gbójú sókè, kó wá ẹni tó máa gbé e fún, wọ́n á ní ó ń ṣe fọ́rífọ́rí. Ọmọ tó bá ga jù, tó sì lè sáré, ni wọ́n máa ń kì. Wọ́n á gba ife, wọ́n á ya fọ́tò, fọ́tò á dé orí Facebook. Kò sẹ́ni tó máa béèrè bóyá ọmọ kan tiẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ òsì gbá bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀kọ́ láti orí yìnyín

Kì í ṣe àwa nìkan nirú ẹ̀ ṣe. Eré kan wà tí wọ́n ń pè ní ice hockey, tí wọ́n máa ń ṣe lórí omi tó ti di yìnyín. Bàtà onírin ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n á mú igi lọ́wọ́, wọ́n á máa fi lé rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan kiri. Ní Amẹ́ríkà, àwọn òbí ń fi owó gidi lé eré yìí, wọ́n sì ń kó ọmọ kéékèèké láti ìlú dé ìlú nítorí ife. Àjọ tó ń darí eré náà níbẹ̀, USA Hockey, wá rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń fi eré sílẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa.

Lọ́dún 2009, wọ́n gbé ètò tuntun jáde. Wọ́n fagi lé ìdíje gbogbogbòò ilẹ̀ Amẹ́ríkà fún àwọn ọmọ ọdún 12 sísàlẹ̀. Ó tán! Wọ́n ní kí ọjọ́ ìgbáradì pọ̀ ju ọjọ́ ìdíje lọ. Fún àwọn ọmọ ọdún 8 sísàlẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n má lo gbogbo pápá yìnyín mọ́, kí wọ́n dá a sí wẹ́wẹ́, kí ọmọ púpọ̀ lè máa fọwọ́ kan rọ́bà náà lásìkò kan náà. Nígbà tó di 2011, wọ́n tún ní kí fífi ara gbá ara, tó jẹ́ ti alágbára, má bẹ̀rẹ̀ mọ́ títí ọmọ á fi kọjá ọdún 12. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí ọmọ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ ná, agbára á bá a lọ́nà.

Ibi tó pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ohun tí Amẹ́ríkà ń fi owó ṣètò yìí, ọ̀fẹ́ ló wà ládùúgbò wa. Kí ni mọ́ńkì pọ́ọ̀sì bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀? Mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin, òkúta méjì ni gooli, àyè há, fẹlẹlẹ ò dúró lójú kan, ọmọ ọdún 9 sì ní láti ronú kí ẹsẹ̀ ọmọ ọdún 13 tó dé. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí ẹni po. A wá kó ọmọ kúrò níbẹ̀, a ní a ń gbé e lọ sí akádẹ́mì, a tò ó sẹ́yìn ọmọ 19 mìíràn, ó ń dúró de bọ́ọ̀lù kan. A sì tún ń gba owó lọ́wọ́ bàbá ẹ̀!

Ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù

Àrùn kejì tí wíwá ife ní kíákíá kó bá wa ni irọ́ ọjọ́ orí. Ìtìjú yìí ti pẹ́. Ní 1989, FIFA fòfin de Nàìjíríà fún ọdún méjì kúrò nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́, nítorí ọjọ́ ìbí àwọn agbábọ́ọ̀lù kan kò bára mu nínú ìwé tí a fi sílẹ̀. Ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ti 1991 tó yẹ ká gbàlejò náà bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ó di ti Pọ́túgà. Lọ́dún 2009 tí ìdíje àwọn ọmọ ọdún 17 wá wáyé nílẹ̀ wa níbí, FIFA ti ń lo ẹ̀rọ MRI láti wo egungun ọrùn ọwọ́ wọn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ òfin lásán lèyí. Rárá o. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ni. Bí ẹni ọdún 19 bá ń gbá bọ́ọ̀lù láàárín àwọn ọmọ ọdún 15, agbára ló máa fi borí, kò sídìí fún un láti kọ́ ọgbọ́n kankan. Ọmọ ọdún 15 tòótọ́ tó ní ọgbọ́n lẹ́sẹ̀ á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á máa gbé omi fún ẹ̀gbọ́n tó ń pe ara ẹ̀ ní ẹgbẹ́ ẹ̀. Àwọn méjèèjì ló pàdánù. Tí ẹni ọdún 19 yẹn bá dé àárín àgbà gidi, agbára tó fi ń yangàn ti di ti gbogbo ayé.

Ọmọ Ọ̀yọ́ tí kò kánjú

Bí ẹ bá ní kí n fi ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ, mi ò ní lọ jìnnà. Quadri Aruna, ọmọ tí wọ́n bí ní Ọ̀yọ́ níbí lọ́dún 1988, kì í gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Tẹ́níìsì orí tábìlì ni tiẹ̀, eré tí à ń pe bọ́ọ̀lù ẹ̀ ní ẹyin. Ẹ wo ọdún tí èso ẹ̀ pọ́n. Ọmọ ọdún 26 ni nígbà tó wọ ipele mẹ́jọ tó kẹ́yìn nínú ife àgbáyé ní Jámánì, 2014. Ní Rio, 2016, ó na Timo Boll, ọ̀gá àwọn ará Jámánì, ó sì di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ipele mẹ́jọ tó kẹ́yìn fún ọkùnrin nínú Òlíńpíìkì. Ma Long ará Ṣáínà, tó gba góòlù lọ́dún yẹn, ló dá a dúró. Ó ti lé ní ọdún 33 nígbà tó wọ àárín mẹ́wàá àkọ́kọ́ lágbàáyé lọ́dún 2022, ọmọ Áfíríkà kankan ò ṣe é rí.

Ká ní ife ọmọ ọdún 12 la fi ń dájọ́ eléré, ta ló máa dúró de ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ máa yọrí ní ọdún 33? Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

“Ebi ò gbọ́ wàásù”

Mo mọ ohun tí ẹlòmíì máa sọ. “Bùọ̀dá, ìyẹn dáa, àmọ́ ilé ò rọrùn. Ọmọ gbọ́dọ̀ tètè lọ Yúróòpù.” Òtítọ́ ni pé ilé ò rọrùn. Ìdí nìyẹn gan-an tó fi yẹ ká mọ òfin.

Àkọ́kọ́: òfin FIFA kò fàyè gbà á kí wọ́n gbé agbábọ́ọ̀lù tí kò tíì pé 18 láti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn, àfi lórí ìdí díẹ̀, bíi kí òbí ẹ̀ ti kó lọ síbẹ̀ nítorí ohun tí kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Torí náà, ẹjẹ́ǹtì tó bá ní kẹ́ ẹ ta ilẹ̀, òun fẹ́ mú ọmọ ọdún 15 lọ fọwọ́ sí ìwé ní kíláàbù kan ní Sípéènì, ẹ ní kó máa lọ ní àlàáfíà.

Ìkejì: owó wà nínú sùúrù. Tí wọ́n bá ta agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, tó ṣì ní àdéhùn lọ́wọ́ kíláàbù tó ń tà á, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó yẹn ni wọ́n máa ń yọ fún àwọn kíláàbù tó tọ́ ọ láti ọdún 12 sí 23. Àmọ́ kíláàbù tó forúkọ sílẹ̀, tí orúkọ ọmọ náà wà nínú ìwé ẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ ìbí tòótọ́, ló máa rí i gbà. Akádẹ́mì tí kò ní ìwé, tó tún yí ọjọ́ orí padà, ti fọwọ́ ara ẹ̀ sọ owó ọ̀la nù.

Ohun tó wà níkàáwọ́ wa

Ní Ìbàdàn, ìjọba ìpínlẹ̀ ti tún pápá ìṣeré Lekan Salami ṣe, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 8 ní Ògbómọ̀ṣọ́ ò nílò àga ìwòran. Bọ́ọ̀lù, ilẹ̀ tó tẹ́jú, àti àgbàlagbà kan tó mọ ohun tó ń ṣe, ó parí.

Ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ti dájọ́ ní oṣù keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Àwọn alága Àtìbà, Ìlà-Oòrùn Ọ̀yọ́ àti Ìwọ̀-Oòrùn Ọ̀yọ́, Àríwá àti Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́, ìbéèrè mi sí yín rèé: bọ́ọ̀lù mélòó ló wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì yín fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀? Tábìlì tẹ́níìsì mélòó?

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, Ọ̀yọ́ kò ṣàìní olùkọ́. Federal College of Education (Special) wà níbẹ̀, Emmanuel Alayande University of Education náà wà níbẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ni àwọn méjèèjì ń kọ́ni. Kí ló dé tí àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ eré ìdárayá kò lè máa fi Sátidé kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò, kí ó sì kà mọ́ máàkì wọn?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àbúrò tàbí ọmọ ní akádẹ́mì, ẹ ti lọ́wọ́ nínú ẹ̀ náà. Kẹ́ ẹ tó san owó oṣù tó ń bọ̀, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta. Bọ́ọ̀lù mélòó lẹ ní? Kí ni ọmọ yìí kọ́ lóṣù yìí? Ọjọ́ ìbí wo lẹ kọ síwájú orúkọ ẹ̀? Kóòṣì tó dáa á dáhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Èyí tó bá bínú ti dá yín lóhùn náà nìyẹn, ẹ mú ọmọ yín padà sídìí mọ́ńkì pọ́ọ̀sì.