Pizza Kọ́ Ló Jẹ̀bi

 

Nígbà tí a wọlé lẹ́yìn ọlidé, olùkọ́ wa ní kí kálukú sọ ohun tó gbádùn jù. Mo ní a lọ ṣe Úmúrà ní Sáúdí Arábíà, mo sì jẹ pizza ní Jẹ́dà. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Òbí kan tó wá mú ọmọ rẹ̀ ní, "Ẹ lọ sí ilẹ̀ mímọ́, pizza lẹ rí jẹ!" Ó dùn mí díẹ̀. Mo fẹ́ fèsì níbí, torí lójú tèmi, kò sóhun tó burú nínú pizza yẹn. Ohun tó burú ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ o, àmọ́ èmi ni mo ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tó fi wù mí. Mùsùlùmí ni wá, London la sì ń gbé. Tí àwọn ọ̀rẹ́ mi níléèwé ìjọba tí mò ń lọ bá ṣe ọjọ́ ìbí ní ṣọ́ọ̀bù pizza, èmi ni mo máa ń bèèrè pé kí ló wà nínú èyí, kí ló wà nínú tọ̀hún. Nígbẹ̀yìn, èyí tó ní wàrà àti tòmátì nìkan ni mo máa ń jẹ, torí pé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi sínú pepperoni. Ní Sáúdí, òfin ò gba ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wọlé rárá, ẹran màlúù ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé mi tí mo lè nàka sí ohunkóhun nínú ìwé oúnjẹ wọn. Ṣé ẹ wá rí i pé kì í ṣe ọ̀kánjúwà?

Pizza fúnra rẹ̀, arìnrìn-àjò ni. Àwọn ará Ítálì ló gbé e dé Amẹ́ríkà. Ní 1958, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Dan àti Frank Carney, ṣí Pizza Hut ní ìlú Wichita. Ní 1960, Domino's bẹ̀rẹ̀ ní Michigan. Irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ló wà káàkiri Jẹ́dà báyìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí pizza dé Sáúdí, ó fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ibodè. Oúnjẹ pàápàá mọ̀ pé àlejò ní í wojú onílé. Èmi ni mi ò mọ̀.

Màmá Ìbàdàn ni ìyá Dádì. Nàìjíríà ni wọ́n ti wá, àwa wá láti London, a wá pàdé ní pápákọ̀ òfurufú Jẹ́dà. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí a ti fojú kan ara wa. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré la ní pẹ̀lú wọn. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, èmi àti àbúrò mi ń pariwo pizza. Màmá ní, "Ibi tí àwọn ọmọ mi bá fẹ́ ni ká lọ."

Nígbà tí a débẹ̀, Dádì sọ fún wa pé láyé ìjọ́sí, ilẹ̀kùn ọ̀tọ̀ ni àwọn ọkùnrin tó dá wá máa ń gbà wọlé, ọ̀tọ̀ ni ti ìdílé. Oṣù Kejìlá 2019 ni ìjọba ní kò pọn dandan mọ́. Dádì àti Mọ́mì wá lọ ra káàdì fóònù ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀.

Lárúbáwá àti Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé oúnjẹ náà. Màmá máa ń ka Kùránì dáadáa, àmọ́ kò sí pizza nínú Kùránì. Wọ́n bi mí pé, "Àṣàkẹ́, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Mo ní, "Pizza ni, Mà."

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

Mo mọ wàrà. Mo mọ adìẹ. Mo mọ ata. Ilé ẹ̀kọ́ wa yìí ni mo ti kọ́ gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá máa ń lọ́ra lẹ́nu mi, ebi sì ń pa mí. Mo kàn ní, "Ó dùn, Mà."

Nígbà tó dé, mo bu ègé kan fún wọn. Wọ́n gbé e sókè, wàrà ń fà tẹ̀lé e. Wọ́n ní, "Wàrà tó ń fà bí ilá!" A rẹ́rìn-ín. Wọ́n rọra dá a padà sínú àwo, wọ́n mu omi. Èmi àti àbúrò mi la jẹ ẹ́ tán.

Lẹ́yìn ìyẹn, a wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Mẹ́kà. Nígbà tí a ṣe Úmúrà tán, Màmá mú wa lọ sí òpópónà Mansur, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí. Hausa ni obìnrin tó ń ta oúnjẹ ń sọ. Màmá gbọ́ ọ, torí wọ́n ti tajà ní Sábó rí. Kí n tó bèèrè ni wọ́n ti ń nàka: "Èyí túwó, ìrẹsì ni wọ́n fi ṣe é. Èyí mìyà kúkà, ewé osè gbígbẹ ló wà nínú ẹ̀. Tọ̀hún yẹn ta o, má dán an wò." Wọn ò fọwọ́ kan tiwọn títí mo fi sọ pé ó dùn mọ́ mi.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí Jẹ́dà. Mo rọra bi Dádì pé ṣé Màmá jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní bísíkíìtì tó wà nínú báàgì wọn ni wọ́n jẹ sùn. Òkèlè ẹnu mi ò fẹ́ lọ mọ́.

Àwọn òbí kan á ní ká má lọ síbi pizza mọ́ nìyẹn. Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Èmi náà ì bá fẹ̀ẹ́ máà rí nǹkan jẹ ní Mansur, tí kò bá sẹ́ni tó túmọ̀ fún mi. Ẹni tó bá gbọ́ èdè ibi tí a wà, òun ni etí àti ẹnu fún ẹni tí kò gbọ́. Ní Mansur, Màmá ṣe tiwọn. Ní Jẹ́dà, ó kàn mí, mo sì sá.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, a máa ń rò pé torí ìdánwò àti eré òpin ọdún la ṣe ń kọ́ Yorùbá. Torí pé kí ebi má pa Màmá náà ni. Ẹ má dúró dìgbà tó bá dán lẹ́nu yín. Ẹ̀yin òbí wa, ẹ jọ̀ọ́, tí a bá ń wá ọ̀rọ̀, ẹ má bá wa parí ẹ̀. Mọ́mì máa ń bá mi parí gbólóhùn mi, èmi náà sì máa ń jẹ́ kí wọ́n parí ẹ̀, torí ó rọrùn.

Lálẹ́ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, a wọ ilé gogoro olóago tó kọjú sí Mọ́sáláṣí Ńlá ní Mẹ́kà. Ó ga tó mítà 601, àwọn ṣọ́ọ̀bù sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. A tún rí ibi pizza. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín." Mo ka ìyẹ̀fun, mo ka tòmátì, wàrà, adìẹ, ata. Ọ̀kan wá há mi lẹ́nu. Mo ní, "Ó dà bí agbòjò kékeré, Mà, ó máa ń hù nínú igbó."

Màmá pariwo pé, "Olú!"

Ègé méjì ni wọ́n jẹ. Wọ́n ní ata ẹ̀ ò tó.