Ẹ Má Fi Máàkì Ọmọ Ọlọ́mọ Ṣe Ẹlẹ́yà

Ẹ̀yin ará wa nínú Olúwa, pàápàá ẹ̀yin òbí tí ẹ ń gbé ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n.

Bí èsì ìdánwò GCSE bá jáde, tí ọmọ yín ṣe dáadáa, ẹ ó jẹ́rìí nínú ìjọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ ń sọ bí ẹ bá délé? “Ọmọ tiwa kì í ṣe bí àwọn ọmọ Jàmáíkà wọ̀nyẹn. Ọ̀lẹ ni wọ́n.” Ọmọ yín ń gbọ́, yóò sì gbé e dé kíláàsì.

Àwọn mìíràn nínú wa ní kí a má tilẹ̀ dárúkọ ọ̀rọ̀ náà rárá, kí a má baà pè wá ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Èyí náà kò tọ́. Egbò tí a bò mọ́lẹ̀ kì í jinná. Òótọ́ ni pé ní England, ìpíndọ́gba máàkì àwọn ọmọ tí ìdílé wọn ti erékùṣù Caribbean wá kéré sí ti àwọn ọmọ Áfíríkà, a sì ń lé wọn kúrò nílé-ẹ̀kọ́ ju ọ̀pọ̀ ọmọ mìíràn lọ. Ẹni tó bá dákẹ́ ti pa wọ́n tì.

Ẹ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ tán. Bó bá jẹ́ àwọ̀ ara ló ń mú ọmọ mọ̀wé, kí ló dé tí aláwọ̀ dúdú méjì yìí fi yàtọ̀ síra? Kí ló sì dé tí àwọn ọmọ òyìnbó tálákà, tí ìjọba ń fún ní oúnjẹ ọ̀fẹ́ nílé-ẹ̀kọ́, fi wà lára àwọn tí máàkì wọn kéré jù? Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀.

Ní 1971, Bernard Coard, ọmọ Grenada tó ń ṣe olùkọ́ ní London, kọ ìwé kan láti tú àṣírí. Wọ́n ń kó àwọn ọmọ Caribbean lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tí wọ́n kà sí aláìlèkẹ́kọ̀ọ́. Ìdánwò tí wọ́n fi ń yẹ̀ wọ́n wò kò bá èdè àti àṣà wọn mu. Àwọn olùkọ́ sì ti gbà lọ́kàn pé wọn kò lè ṣe é. Àwọn ọmọ ìgbà náà ti di bàbá àgbà àti ìyá àgbà lónìí.

Àwa ńkọ́? Ìwé ló gbé ọ̀pọ̀ nínú wa wá. A ti gba oyè kí a tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Ní January 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn, àwọn òbí wa sì jẹ nínú rẹ̀. Ẹni tí a gbé pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn.

Ẹ rántí Nàtáníẹ́lì. Ó gbọ́ orúkọ Násárétì, ó sì fojú tín-ín-rín ìlú náà. Fílípì kò bá a jiyàn; ó pè é kó wá fi ojú ara rẹ̀ rí i. Nítorí náà, kí ẹ tó sọ̀rọ̀, ẹ bi ara yín léèrè: Ṣé òótọ́ ni? Ṣé mo mọ ohun tó fà á? Ṣé mo lè sọ ọ́ lójú ìyá ọmọ náà? Ohun tí ẹ kò lè sọ níwájú arábìnrin ará Jàmáíkà tó jókòó tì yín ní ìsìn, ẹ má sọ ọ́ nílé ìdáná yín.

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ já wọn kulẹ̀, àwọn òbí Caribbean dá ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ Sátidé sílẹ̀ fúnra wọn, nínú ilé àti nínú gbọ̀ngàn ìjọ. Gbọ̀ngàn tiwa ńkọ́ ní Sátidé? Ẹ jẹ́ ká ṣí i, ká pe ọmọ wọn mọ́ ọmọ wa. Bí wọ́n bá sì fẹ́ lé ọmọ aládùúgbò yín kúrò nílé-ẹ̀kọ́, ẹ bá ìyá rẹ̀ lọ sí ìpàdé náà. Ẹ má jẹ́ kó dá lọ.

Kí Olúwa wẹ ahọ́n wa mọ́, kó sì la ojú wa. Àmín.