Iná Ojú Títì àti Iná Tannátanná

Tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, ẹ̀bá àkùrọ̀ ní àwọn abúlé ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà nílẹ̀ Ìbàdàn ni tannátanná ń fẹ́ lálẹ́. Iná tí kì í jóni ni tirẹ̀; èròjà inú ikùn rẹ̀ ló ń pàdé ọ́síjìn. Akọ fi ń pe abo ni, abo a sì tanná dá a lóhùn. Níbi tí iná sólà ojú títì bá ti tàn yòò, ìpè yẹn kì í hàn mọ́. Ìwádìí tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Sara Lewis àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2020 ka ìparun ibùgbé, iná alẹ́ àti oògùn apakòkòrò mọ́ ohun tó ń lé tannátanná lọ kárí ayé.

Àwọn kan á ní, kí ni ti kòkòrò nígbà tí ajínigbé wà lóde? Ọ̀rọ̀ gidi ni. N ò ní ká pa iná ọjà tàbí ti oríta. Kí wọ́n ṣáà dé gílóòbù lórí kó lè kọjú sílẹ̀, kí òpó má sì dé etí odò tí ẹnikẹ́ni kì í gbà lóru. Iná tó ń tàn sójú sánmà kò tíì mú olè kankan. Ti oògùn ló le jù, torí àgbẹ̀ tí kò rówó lébìrà san á fọ́n in dandan. Ṣùgbọ́n ọmọ tannátanná, inú ilẹ̀ tútù ló ń gbé, ekòló àti ìgbín kéékèèké ló sì ń pa jẹ, ìgbín tó ń ba ewébẹ̀ àgbẹ̀ kan náà jẹ́. Ká fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sílẹ̀ létí àkùrọ̀ láìfọ́n oògùn sí kò ní kí oko má so. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ máa sọ ọ́ fáwọn àgbẹ̀.